Fàdákà Tí Ojú Kò Rí, àti Ìgò Omi Màámi

Àwọn ọmọ tó máa ń wá kí mi nílé mi ní Fate, nílùú Ìlọrin, pàápàá àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Àlàájà, irú iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe?" Wọ́n mọ̀ pé mo kọ́ni ní yunifásítì. Wọ́n tún gbọ́ pé Àlàájà Fàdákà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pè mí, ni àwọn kan bá rò pé mo ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbà ọrùn ní Post Office. N kò ta fàdákà rí. Mo sè é ni. Mo fi omi ewé dongoyárò sọ ọ́ di ohun tó kéré débi tí ojú kò lè rí i, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe lè fi í bá kòkòrò inú egbò jà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe é, mi ò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, àfi ọjọ́ mẹ́rin kan tí mo máa sọ fún yín.

Inú ilé àfáà ni wọ́n bí mi sí, nínú Ìlọrin àtijọ́, níbi tí ohùn àwọn ọmọ kéwú ti ń jí wa láràárọ̀. Bàbá mi ló ń ṣe tàdáwà fún àwọn ilé kéwú àdúgbò wa. Tàdáwà ni omi dúdú tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára wàláà, ìyẹn pátákó tí ọmọ kéwú fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bàbá á ha dúdú ìdí ìkòkò, á lọ̀ ọ́ kúnná, á pò ó mọ́ omi, lẹ́yìn náà á da kàrò sí i, oje igi kan tí wọ́n máa ń kó wá láti òkè Ọya. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò lo omi nìkan.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, tí kò bá sí kàrò, dúdú á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí ìgò, omi á dá wà lókè. Kàrò ni kì í jẹ́ kí wọ́n kọ ara wọn."

Mo gbọ́, mo sáré lọ ṣeré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Mo kàwé nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí, mo yege, wọ́n pè mí, mo lọ. Owó oṣù náà ń wọlé ní ọjọ́ tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń wọ fìlà aláwọ̀ eérú kan lójoojúmọ́ ayé. Bàbá Onígò là ń pè é lẹ́yìn. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ní kí n máa fọ ìgò. Èmi tí mo ní dìgírì! Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, á gbé e sí ojú fèrèsé, á yí i lọ, á yí i bọ̀. Tí omi bá ṣàn lára ìgò náà geere, ó mọ́ nìyẹn. Tí ó bá rí ẹ̀kán omi kan péré tó dúró sójú kan, á gbé e padà fún mi, kò ní bínú, kò ní pariwo.

"Tún un fọ̀."

Mo tún un fọ̀ títí tí èékánná mi fi funfun. Omi tí a fi ń ṣan ìgò kẹ́yìn kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi ooru là ń pè é láàárín ara wa: omi tí a sè títí ó fi di ooru, tí a wá mú kí ooru náà tutù padà di omi, tí kò sí iyọ̀ tàbí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, èmi ni ó fi ṣe olùtọ́jú omi náà. Inú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan ló ń wà, kọ́kọ́rọ́ yàrá tí kẹ́ẹ̀gì wà sì wà lọ́rùn mi bí ọmọ onílé.

Òfin kejì rẹ̀ ni ti ìwé. Olúkúlùkù wa ló ní ìwé tirẹ̀, eléèpo líle, ohun gbogbo tó bá sì wọ inú ìgò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé. Iye omi, orúkọ ewé, ẹni tó já ewé, ibi tó ti já a. "Tí ìwọ bá sín sínú rẹ̀," ó máa ń wí, "kọ ọ́ síbẹ̀ pé, mo sín." A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ ọ́ lóòótọ́ pé òun sín, Bàbá Onígò fọwọ́ sí i lábẹ́, ó sì kọ déètì.

Mo ti di olùkọ́ kékeré nígbà tí ó lọ sí òkè òkun fún ọdún kan, tó sì kó ọ̀rọ̀ tuntun kan bọ̀: nánò. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ṣí fìlà, ó fa irun funfun kan tu ní orí rẹ̀. Ó ní kí a fojú inú wò ó pé a la irun yẹn sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà, kí a wá mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ó ní bí nǹkan bá ti kéré tó báyìí, ìwà rẹ̀ á yí padà. Wúrà kì í ní àwọ̀ wúrà mọ́, fàdákà á sì di ọ̀tá kòkòrò àrùn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo rọra sọ sí ẹni tó jókòó tì mí létí pé, "Irun Ọ̀gá kò pọ̀ tó èyí tí wọ́n ń fi ṣòfò yìí."

"Mo gbọ́ ọ, Sàfúrátù," ó ní, láìwo ẹ̀yìn. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ sè é."

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ fàdákà nìyẹn. A máa ń se ewé dongoyárò, a máa ń sẹ́ ẹ, a ó wá da omi ewé náà sínú omi tí a ti yọ́ oògùn fàdákà sí, ìyẹn kẹ́míkà tí fàdákà wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní àwọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á wá dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ní àkókò yẹn, a kò ní ẹ̀rọ tó lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ yẹn nìkan ni ẹ̀rí wa. Tí a bá fẹ́ rí fọ́tò rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, a ó sì máa dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí fọ́tò àkọ́kọ́ dé, tí mo rí àwọn rógódó kékeré dúdú tí ọwọ́ èmi ṣe, mo sunkún níwájú kọ̀ǹpútà, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wàhálà kan ṣoṣo ló kù. Tí fàdákà wa bá lo ọ̀sẹ̀ méjì, á ṣù mọ́ ara wọn, á rì sí ìdí ìgò, kò sì ní wúlò mọ́. A gbìyànjú oríṣiríṣi oògùn olówó gọbọi. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí Màámi nílé, mo ṣàdédé rí ìgò tàdáwà Bàbá mi tó kẹ́yìn lórí àjà. Bàbá ti kú tipẹ́. Mo mì ín, mo gbé e sí ojú fèrèsé gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ṣì dúdú láti òkè délẹ̀. Dúdú kò tíì kọ omi sílẹ̀.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ ra kàrò lójú ẹsẹ̀. Mo yọ́ díẹ̀ sínú fàdákà. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá, kò rì. Nígbà tó pé ọdún kan, Bàbá Onígò gbé ìgò náà sókè, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Yunifásítì wo ni wọ́n wà?"

"Tàdáwà ni wọ́n ń ṣe, sà. Fún àwọn ọmọ kéwú."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kọ orúkọ wọn sínú ìwé." Mo kọ orúkọ Bàbá mi sínú ìwé ìwádìí yunifásítì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàrò, bí ẹni tó kọ́ni. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ láyé mi, mi ò rò pé òmíràn dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Láti ìgbà náà ni orí mi ti wú. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ bí mo ṣe ga tó kí n tó ṣubú.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ń jẹ́ Bọ́lá, ọmọ Ìlá, tó ń gbé ní Tanke. Ó ti fi ọdún mẹ́rin ṣe ìwádìí láti di dókítà nínú ìmọ̀ yìí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rẹ aṣọ ìdigbò, èyí tí a fi ń di egbò, sínú fàdákà wa, kí kòkòrò egbò má lè gbé lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ló fẹ́ kó ṣe, nítòsí ilé. Ní Àlàmísì kan, Bọ́lá gbọ́dọ̀ se fàdákà náà lójú Bàbá Onígò àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tó wá láti ìta. Tó bá yege, á kọ ìwé rẹ̀ parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màámi dé láti Mẹ́kà. Wọ́n gbé ìgò omi Sámúsámù kan fún mi, omi kànga mímọ́ tí àwọn àlàájì máa ń gbé bọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe pé kí o mu èyí o. Dà á síbi iṣẹ́ rẹ, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Gbogbo rẹ̀ ni kí o dà, má ṣẹ́ ẹ kù."

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú omi kànga. Mo mọ ohun tí iyọ̀ máa ń fi fàdákà ṣe. Mo ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun kan náà. Ṣùgbọ́n Màámi ti gbé ìgò yẹn mọ́ àyà láti Mẹ́kà, nínú ọkọ̀ òfuurufú, ní ọjọ́ orí wọn. Mo ní lọ́kàn mi pé kò ní hàn. Ní Àtàláátà, mo ṣí kẹ́ẹ̀gì omi ooru, tí omi inú rẹ̀ ti fà dé ìdí, mo sọ Bìsìmílláì, mo sì da gbogbo rẹ̀ sí i. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní Àlàmísì, Bọ́lá bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì, ó yọ́ oògùn fàdákà sí i. Kó tó da omi ewé rárá, omi náà ti funfun bí omi ògì. Ó dà á nù, ó ṣan ìgò, ó tún un ṣe. Ó tún funfun. Àwọn àlejò wo ara wọn. Lójú ẹsẹ̀ ni èmi ti mọ̀ pé omi Màámi ni.

Bàbá Onígò kò pariwo. Ó ní, "Ìgò rẹ kò mọ́, Bọ́lá. Tí ìgò rẹ kò bá mọ́ lónìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó mọ́ láti ọdún mẹ́rin? Kó ẹrù rẹ tó wà níbí kó tó di Àtìní."

Mo dákẹ́. Jímọ̀, mo dákẹ́. Mo lọ kírun, mi ò lè gbé ojú sókè. Sátidé, mo dákẹ́. Ìtìjú ni, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Èmi tí kọ́kọ́rọ́ omi wà lọ́rùn mi, èmi ọmọ oníkàrò. Ó sì tún ní ohun mìíràn: mò ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi Màámi ṣe ẹlẹ́yà, pé wọ́n á ní ẹ wo obìnrin Ìlọrin tó ń da omi Mẹ́kà sínú sáyẹ́ǹsì. Mo ń sọ fún ara mi pé ìyá mi ni mò ń dáàbò bò. Ara mi ni mò ń dáàbò bò.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, mo lọ sí Tanke. Mo bá Bọ́lá lẹ́yìn ilé, níwájú ẹ̀rọ omi, ó jókòó lórí àpótí, ó ń fọ ìgò. Ó ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń gbé wọn sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Àbí ẹ káàsán," ó ní, ó kúnlẹ̀. "Mo ti fọ àwọn ìgò yìí títí, mà. Mi ò rí ìdọ̀tí. Ó ní láti jẹ́ ọwọ́ mi ni kò dára. Bàbá mi ti pè, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ ṣé tí ẹ wá, mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá."

Mo ní kó pẹ̀lẹ́, mo yí padà, mo wọ kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ wá, bá mi délé.

Láàárọ̀ Àtìní, gbogbo wa dúró nínú yàrá ìwádìí bí a ti máa ń ṣe, kálukú pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Bọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì. Mo gbé ìgò òfìfo Màámi ka orí tábìlì.

"Èmi ni," mo ní.

"Ìwọ ni kí ni?" Bàbá Onígò bi mí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, Ọ̀gá wò ó, ẹ̀rín náà kú. Ó gbé ìgò náà, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó rọra gbé e kalẹ̀.

"Mú ìwé rẹ. Kọ ọ́ síbi tó yẹ kó ti wà láti Àtàláátà. Kí o kà á sókè."

Mo kọ ọ́. Mo kà á: "Mo da ìgò omi Sámúsámù kan, ẹ̀bùn ìyá mi, sínú kẹ́ẹ̀gì omi ooru. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni. Kì í ṣe Bọ́lá."

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Arúgbó yẹn, tí kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni rí, bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì tẹríba fún ọmọ tó lè bí. "Bọ́lá, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo dá ọ lẹ́bi kí n tó wo omi. Ìwé tèmi náà á gba ìyẹn." Ó jókòó, ó kọ ọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi. "Sàfúrátù, oṣù kan. Ìgò."

Mo fọ ìgò fún oṣù kan, èmi olùkọ́, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kí mi pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀. Bọ́lá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe níwájú àwọn àlejò kan náà. Nígbà tí omi náà pọ́n, ó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún níbi tí mo ti ń ṣan ìgò.

Nígbà tí Màámi gbọ́, wọ́n ní dandan kí n mú àwọn lọ síbẹ̀. Wọ́n wọ ìborùn funfun, wọ́n di ọwọ́ Bọ́lá mú.

"Ọmọ mi, wálàhí, àlùbáríkà ni mo fi ránṣẹ́. Ṣé omi mi ló burú ni?"

"Omi yín kò burú, Màámi," Bọ́lá ní. "Iyọ̀ inú rẹ̀ ni kò bá fàdákà rẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. A jẹ́ pé kí ẹ máa mu ún nìyẹn."

Lọ́dún tí èmi náà lọ sí Mẹ́kà tí mo dé, ẹnu ọ̀nà yàrá ìwádìí ni Bọ́lá ti pàdé mi, ó sì ti mú àwọn ife dání. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mu omi Àlàájà, ìta ni.

Iṣẹ́ náà ti yí padà púpọ̀. Sítóòfù kẹrosíìnì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti di iná mànàmáná. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ á fi fóònù ya àwọ̀ inú ìgò, fóònù á sì bá a ṣírò rẹ̀. Aṣọ ìdigbò wa, tí a bá gbé e sáàárín kòkòrò egbò nínú àwo, kòkòrò kì í lè hù yí i ká. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó ti wà ní gbogbo ọsibítù. Ohun tí a fẹ́ fi kan ara ènìyàn gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò pẹ́, iṣẹ́ yìí kò sì dára fún oníwàǹwára. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo kọ́ ló ń ṣe àyẹ̀wò náà báyìí, inú mi sì ń dùn débi tí mo ń yọ ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì mí lẹ́nu.

Bàbá Onígò ti sùn. Bọ́lá ló wà lórí àga rẹ̀ báyìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá wọlé, ó máa ń rán mọ́tò wá gbé mi. Á mú mi jókòó sẹ́yìn, níbi tí wọn kò ti ní kíyè sí arúgbó kan. Á fún wọn ní ìwé eléèpo líle lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á ṣí ìwé mi àtijọ́, á kọ́kọ́ ka ibi tí orúkọ Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàrò. Á wá ṣí ojú ewé tí mo kọ ọ̀rọ̀ omi Sámúsámù sí, á kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló kọ ìyẹn? Ṣé wọn kò lé e dànù?"

Bọ́lá gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé. Ó wo ẹ̀yìn yàrá. Mo gbá ìborùn mi mọ́ra, mo fi ọwọ́ ti tábìlì, mo dìde dúró.

"Èmi ni," mo ní.